Oúnjẹ Ìdá Karùn-ún: Bí A Ti Ń Jẹun ní Testaccio, ní Ìlú Róòmù

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún un fún ẹ̀yin òǹkàwé wa pé, ẹni tí ó dé oko tí kò jẹ nínú iṣu ibẹ̀, kò tíì dé oko náà tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ni ó ti dé Róòmù, tí wọ́n rí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Pétérù Mímọ́, tí wọ́n ya fọ́tò níwájú Kòlósíọ̀mù, tí wọ́n sì padà wálé láì mọ ohun tí àwọn ará ìlú náà ń fi sẹ́nu. Búrẹ́dì àti ẹyin òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n jẹ, tàbí kí wọ́n ra pízà ní ẹ̀gbẹ́ títì. Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n rán mi, bóyá bẹ́ẹ̀ ni tèmi náà ì bá ti rí.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, tí í ṣe ọdún Júbílì, àwọn ará ìlú wa kan lọ sí Róòmù, wọ́n sì mú mi dání láti máa ṣe akọ̀wé fún wọn, nítorí pé tíṣà ni mí. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a gbéra, àbúrò ìyá mi tí ń ta oúnjẹ ní Òǹdó ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti wà ní Róòmù láti ọdún 2016, ilé oúnjẹ kan ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá yìí ti ta àmàlà àti ọbẹ̀ ẹran fún ọdún méjìdínlógójì, òun ni ó sì fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò gba ìdúró mọ́. Ó ní, "Tíṣà, bá mi bi ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ kan péré. Bi í pé ta ni yóò gba ìkòkò yìí lọ́wọ́ mi? N kò fẹ́ bi í lórí fóònù. Ojú rẹ̀ ni kí o máa wò bí o bá ti ń bi í, kí o sì wá sọ ohun tí o rí fún mi." Iṣẹ́ tí mo gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú nìyẹn.

Nígbà tí mo rí àbúrò mi yìí, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni a ó ti jẹun ọ̀sán. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ wọn. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti wà ní kíṣìnnì ibẹ̀, n kò jókòó sí tábìlì wọn rí." Ní kíṣìnnì ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹ tiwọn kí àwọn oníbàárà tó dé. Tábìlì kò sí fún wọn.

Orúkọ àdúgbò náà ni Testaccio. Ẹni tí ó bá fẹ́ débẹ̀, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ti ọ̀nà B, kí ó sì sọ̀ ní ibùdó tí wọ́n ń pè ní Piramide. Bí ó bá ti jáde sórí ilẹ̀, yóò rí ilé olórí ṣóńṣó kan bíi ti àwọn ará Íjíbítì, tí gíga rẹ̀ tó mítà 36. Ibojì ọkùnrin ọlọ́rọ̀ ará Róòmù kan tí ń jẹ́ Cestius ni, ó sì ti lé ní ẹgbàá ọdún níbẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni a fi rìn dé Testaccio, kò gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Òkè kan wà ní àdúgbò yìí tí kì í ṣe òkè tí a bá láyé. Àpáàdì ni. Gíga rẹ̀ tó mítà 35, ẹni tí ó bá sì yí i ká yóò rìn tó nǹkan bíi kìlómítà kan. Láyé àwọn ọba ńlá Róòmù, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní sí ìkẹta lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, òróró ólífì a máa ti Spéènì àti ìhà àríwá Áfíríkà wá sí èbúté odò Tiber nínú àwọn ìkòkò amọ̀ ńláńlá. Bí wọ́n bá ti da òróró inú ìkòkò tán, ìkòkò náà kò tún ṣeé lò, nítorí pé òróró ti mu ún, ó sì ń rùn. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á to àpáàdì rẹ̀ jọ létòlétò, wọ́n á sì da ẹfun lé e kí òórùn rẹ̀ má baà da ìlú láàmú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di òkè. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: lára àwọn ìkòkò wọ̀nyí ni wọ́n ti ń kọ ìwọ̀n ìkòkò lófìfo, ìwọ̀n òróró tí ó wà nínú rẹ̀, àti orúkọ oníṣòwò tí ó ni ín. Títí di òní olónìí, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń ka àkọsílẹ̀ náà lára àpáàdì. Nígbà tí mo rí òkè náà, Ilé-Ifẹ̀ ni ó sọ sí mi lọ́kàn, níbi tí àwọn baba wa ti fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá ní ìgbà ìwáṣẹ̀, tí ìtàn sì sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, tí í ṣe obìnrin, ni ó pàṣẹ rẹ̀. Ohun tí ó fọ́ kò di àtìpa lọ́wọ́ ọlọ́gbọ́n.

Ní ìdí òkè àpáàdì yìí ni wọ́n gbẹ́ ihò sí láti máa tọ́jú wáìnì, nítorí pé atẹ́gùn ń gba àárín àpáàdì kọjá, inú rẹ̀ a sì máa tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ihò náà ni ó bí àwọn ilé ọtí, ilé ọtí sì bí ilé oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ Testaccio di ibi oúnjẹ gan-an ni odò ẹran ìlú Róòmù tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ láàárín ọdún 1888 sí 1891. Odò ẹran ńlá ni, ó sì pa ẹran títí di ọdún 1975 kí wọ́n tó tì í. Lónìí, ibi tí wọ́n ti ń ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà ni, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ àwòrán ilé níbẹ̀. Àwọn ìkọ́ irin tí wọ́n ń fi ẹran kọ́ ṣì wà lókè, mo fi ojú mi rí i.

Ní ìgbà tí odò ẹran ń ṣiṣẹ́, ìdá mẹ́rin ni wọ́n ń gé màlúù sí. Bí àwọn ará Róòmù ti ń sọ ọ́, ìdá kìíní jẹ́ ti àwọn ọlọ́lá, ìkejì ti àwọn àlùfáà, ìkẹta ti àwọn oníṣòwò àti akọ̀wé, ìkẹrin ti àwọn sójà. Kí ni ó wá ṣẹ́kù? Orí, ìrù, ẹsẹ̀, ẹ̀dọ̀, fùkù, ọkàn, ìfun àti ṣàkì. Èyí ni wọ́n sọ ní ìdá karùn-ún, òun ni wọ́n sì ń fi kún owó iṣẹ́ àwọn tí ń bó awọ ní odò ẹran. Àwọn yẹn á gbé e lọ sí ilé ọtí tí ó wà lọ́kánkán, ìyá olóúnjẹ á sì fi se nǹkan. Àwa mọ ìdá karùn-ún yìí dáadáa. Nínú búkà wa, orísirísi ni à ń pè é.

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí níbi púpọ̀. Ní Testaccio, àìlówó ni ó pa ọbẹ̀, ó sì dùn.

Kí a tó wọlé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé orúkọ tí wọ́n ń kọ sí iwájú ilé oúnjẹ wọn, kí ó má baà rú ẹni tí yóò lọ lójú. *Ristorante* ni ilé oúnjẹ ńlá, tí aṣọ tábìlì rẹ̀ funfun, tí owó rẹ̀ sì ga. *Trattoria* ni ti ìdílé: baba wà nídìí owó, ìyá wà nídìí iná, ọmọ ń gbé àwo. *Osteria* ni ilé ọtí láyé àtijọ́, tí àwọn oníbàárà a máa di oúnjẹ tiwọn láti ilé wá síbẹ̀, tí wọ́n á kàn ra wáìnì tí wọ́n á fi sìn ín. Lóde òní, orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dàrú mọ́ ara wọn, àwọn olówó ń kọ *osteria* sí ilé wọn kí ó lè dà bí ohun ìbílẹ̀. Ẹ má wo orúkọ, ẹ wo àwọn tí ó jókòó. Bí ẹ bá rí àwọn àgbà àdúgbò àti àwọn òṣìṣẹ́ ní agogo kan ọ̀sán, ẹ wọlé.

Trattoria ni ibi tí a lọ. Tábìlì mẹ́rìnlá ni mo kà. Lára ògiri, wọ́n gbé fọ́tò obìnrin kan kọ́, ó wé gèlè kékeré, apá aṣọ rẹ̀ ká dé ìgúnpá, ó dúró ti ìkòkò ńlá kan. Ìyá àgbà ẹni tí ó ni ilé oúnjẹ náà lónìí ni. Ẹni tí ó ni ín náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ṣì ń wọ kíṣìnnì láràárọ̀.

Nígbà tí a wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gbé oúnjẹ kí àbúrò mi, ó sì fẹ́ yà fún un kí ó kọjá sí kíṣìnnì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Àbúrò mi dúró. Ẹ̀wù funfun ni ó wọ̀, ó ti lọ̀ ọ́, ó wé apá rẹ̀ wálẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, kò sì mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ náà sí. Èmi náà dúró. Ìyá náà bá jáde láti inú, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó fa àga kan ní tábìlì tí ó wà lábẹ́ fọ́tò yẹn, ó ní, "Jókòó, ọmọ mi." Ó jókòó. Mo rí i pé ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra aṣọ tábìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé kò dá a lójú pé aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ ń kó fún alágbàfọ̀ ni.

Ní ilé wa, gbogbo oúnjẹ ni a ń gbé kalẹ̀ pọ̀. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń wọlé bí iṣẹ́ ti ń wọlé lórí tábìlì àkókò ilé ẹ̀kọ́. Àkọ́kọ́ ni ìpanu tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun. Èkejì ni wọ́n ń pè ní *primo*, tí í ṣe sìpàgẹ́tì àti àwọn ìbátan rẹ̀, tàbí ìrẹsì. Ẹ̀kẹta ni *secondo*, ẹran tàbí ẹja, ẹ̀fọ́ sì máa ń wà nínú àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohun dídùn àti kọfí. Ẹ kò gbọ́dọ̀ rò pé dandan ni kí a jẹ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè jẹ primo nìkan, kò sí ẹni tí yóò wò ó lójú àìdáa.

Supplì ni a fi ṣí ọ̀nà ọ̀fun. Ìrẹsì ni wọ́n sè pẹ̀lú tòmátì, wọ́n rọ ọ́ bí ẹyin, wọ́n ki wàrà sínú rẹ̀, wọ́n sì dín in bí a ti ń dín àkàrà. Bí a bá fà á sí méjì, wàrà inú rẹ̀ a máa fà gùn bí okùn.

Primo tí a jẹ ni *cacio e pepe*. Ẹni tí ó bá gbọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè rò pé ìyà ni: sìpàgẹ́tì, wàrà àgùntàn gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní pecorino, àti ata dúdú oníhóró tí ó fara jọ iyèré wa. Ó parí. Kò sí òróró, kò sí tòmátì, kò sí ẹran. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, àbúrò mi sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ọ̀gá ti ń ṣàlàyé fún ọmọ iṣẹ́. Wọ́n á yan ata nínú agbada gbígbẹ títí yóò fi ta sánsán. Omi tí wọ́n fi se sìpàgẹ́tì kò ní pọ̀, kí ó lè ki. Omi kíki yìí, lẹ́yìn tí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni wọ́n á fi po wàrà tí wọ́n ti rin. Wọ́n á gbé agbada kúrò lórí iná kí wọ́n tó dà á sí i, wọ́n á sì máa rò ó láìsinmi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ooru bá pọ̀ jù, wàrà á dì, á di kókó. Bí àmàlà ni. Nígbà tí signora kọ́kọ́ kọ́ mi, ó ní èmi ni òyìnbó kò rí irú rẹ̀ rí, pé ìgbà àkọ́kọ́ ni mo se é tí kò ní kókó. N kò sọ fún un pé ọwọ́ orógùn ìyá mi ni."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé wọn kì í fi ọ̀bẹ gé sìpàgẹ́tì níbẹ̀, fọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń ká a. Àlìkámà líle kan ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí ó gbẹ, òfin orílẹ̀-èdè Ítálì ti ọdún 1967 sì ni ó pa á láṣẹ pé àlìkámà yìí nìkan ni kí wọ́n lò, kí ẹnikẹ́ni má baà lú u. Oúnjẹ tálákà ni, síbẹ̀ òfin ń ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin mùsùlùmí inú wa, ẹ ṣọ́ra níhìn-ín. Méjì nínú àwọn primo tí Róòmù fi ń yangàn, carbonara àti amatriciana, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń fi sè é. Amatriciana yìí, láti ìlú Amatrice ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ilẹ̀ mì ní ìlú náà, ènìyàn bí 300 ni ó kú níbẹ̀ àti ní agbègbè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí yọ yúrò méjì lórí àwo amatriciana kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà, oníbàárà á san ọ̀kan, olóúnjẹ á san ọ̀kan, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ilé wọn wó. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ kò ní pa ebi mọ́nú ní Róòmù. Àwọn Júù ti wà níbẹ̀ kí Kírísítẹ́nì tó débẹ̀. Láti ọdún 1555 ni póòpù ti sé wọn mọ́ àdúgbò kan ṣoṣo, a kò sì wó ìséra náà tán títí di ọdún 1870. Nínú ìhámọ́ yẹn ni wọ́n ti ń dín òdòdó ewébẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní carciofo nínú òróró títí yóò fi là bí òdòdó tí oòrùn mú. Lónìí gbogbo Róòmù ni ó ń jẹ ẹ́, orúkọ àwọn Júù sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí secondo dé, ojú mi là. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, àṣà Róòmù sì ni pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń jẹ gnocchi tí wọ́n fi ànàmọ́ òyìnbó pò, ọjọ́ Ẹtì ni ti ẹja, ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ni ti ṣàkì. Àwo ṣàkì kan dé, tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sè nínú tòmátì, tí wọ́n fi ewé olóòórùn tútù kan sí, tí wọ́n sì wọ́n wàrà pecorino lé lórí. Àwo kejì jẹ́ ìrù màlúù, *coda alla vaccinara*, ìyẹn ni ìrù bí àwọn tí ń bó awọ ti ń sè é. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta lórí iná, pẹ̀lú àlùbọ́sà, wáìnì, tòmátì, àti ọ̀pọ̀ igi ewébẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sẹ́lẹ́rì. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó jinná, àwọn mìíràn a máa bu ìyẹ̀fun kòkó kíkorò díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ọbẹ̀ lè dúdú, kí ó sì ki. Kòkó! Ọmọ Òǹdó ni mí, oko kòkó ni bàbá mi fi rán mi ní ilé ẹ̀kọ́, n kò sì gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń bu kòkó sínú ọbẹ̀ ẹran. Mo tọ́ ọ wò. Kò dùn bí ṣokoléètì, ó kàn mú kí ọbẹ̀ náà jinlẹ̀ ni.

Oúnjẹ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní pajata, ìfun ọmọ màlúù tí kò tíì jẹ koríko rí, tí wàrà ìyá rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àrùn màlúù wèrè dé Yúróòpù, wọ́n fi òfin dè é ní ọdún 2001. Ọdún 2015 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Àbúrò mi ní àwọn àgbà àdúgbò ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ó padà dé bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọdún àjíǹde.

A jẹun dé ibi tí búrẹ́dì kàn. Ní Róòmù, a máa ń fi búrẹ́dì nu ọbẹ̀ tí ó kù nínú àwo, *scarpetta* ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni bàtà kékeré. Nígbà náà ni mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo ní, "Màmá ní kí n bi ọ́ pé ta ni yóò gba ìkòkò lọ́wọ́ wọn." Mo sì wo ojú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí.

Kò wo ojú mi. Ó nu àwo rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì yí i dojú dé díẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀, bí àwọn tí ń fọ àwo ti máa ń ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè mí ní sẹ́kọ́ńdírì? Ọmọ Ìyá Alámàlà. Bí mo bá kọjá, wọ́n á fi ẹnu ṣe bí ẹni ń ro àmàlà. Mo búra pé n kò ní fọ ìkòkò mọ́ láyé mi. Mo wá sanwó ọkọ̀ dé Róòmù, kí n lè wá fọ ìkòkò." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí fọ́tò orí ògiri. "Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débí, mo bi signora pé ta nìyí. Ó ní, 'Òun ni ó kọ́ ìyá mi, ìyá mi sì kọ́ mi.' Àwọn oníbàárà wà níbẹ̀, kò fi ohùn kékeré sọ ọ́. Obìnrin tí ń se ìfun fún àwọn tí ń pa màlúù! Alẹ́ ọjọ́ náà n kò sùn."

Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ sọ fún Màmá pé èmi ni. Ṣùgbọ́n owó tí mo ń tọ́jú kò tíì pé, kí wọ́n fún mi di ìparí ọdún 2027. Ohun kan ni ó ń bà mí lẹ́rù. Wọn kì í wọn nǹkan kan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bù ú. Bí orúnkún ti ń rẹ̀ wọ́n yìí, ọwọ́ náà lè rẹ̀ wọ́n kí n tó dé. Ẹ̀yin ni tíṣà. Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo gbà fún un. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná; ìdí tirẹ̀ ti gbóná fún ọdún mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ kí n ka owó fún yín, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ọlọ́jà yóò bèèrè. Supplì méjì, yúrò 6. Cacio e pepe àwo méjì, yúrò 26. Ṣàkì, yúrò 15. Ìrù, yúrò 18. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi áyù àti ata yí, yúrò 7. Búrẹ́dì, yúrò 3. Omi, yúrò 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ yúrò 78. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé owó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìyá náà fẹ́ fa ìwé náà ya, àbúrò mi kò gbà, ó ní oníbàárà ni òun lónìí. Ó san án pé. Ìyá náà bá gbé kọfí méjì wá tí kò kọ sínú ìwé, ó ní a kò lè dá a padà. Mo sọ fún àbúrò mi pé kí ó ṣàlàyé fún un pé ní ilẹ̀ wa, èènì ni à ń pè é. Ó ní orúkọ náà dùn létí òun.

Mo ti padà sílé. Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún àbúrò ìyá mi, ó dákẹ́ pẹ́, ó wo orúnkún rẹ̀, ó ní, "Ọdún méjì? Yóò dúró dè é." Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá ọmọ náà sanra. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ sí búkà rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú ìwé, bírò, àti òṣùwọ̀n kékeré tí mo yá lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe àkàrà òyìnbó. Bí ó bá bu iyọ̀, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n, mo dá a padà. Ó kọ́kọ́ ń bínú. Mo wọn ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọjọ́ mẹ́ta, kò fi ju gíráàmù méjì lọ yàtọ̀ síra. Nígbà tí mo fi ìwé hàn án, ó ní kí n kà á fún àwọn oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kò pọ̀. Ọkùnrin kan wà ní Ítálì tí ń jẹ́ Pellegrino Artusi. Kì í ṣe alásè, oníṣòwò aṣọ sílíìkì ni ní ìlú Florence. Nígbà tí ó fi òwò sílẹ̀, ó kó ọ̀nà tí a ń gbà se oúnjẹ ilé jọ sínú ìwé. Kò rí ẹni bá a tẹ̀ ẹ́, ó sì fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1891. Oúnjẹ 475 ni ó wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Àwọn ìyálé ilé bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà sí i láti ìlú dé ìlú, ó ń dán tiwọn wò, ó ń fi kún un, kí ó sì tó kú ní ọdún 1911, ó ti di 790. Títí di òní, ìwé náà wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ítálì.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọ́dọ̀ fi ohùn kékeré dárúkọ ìkòkò ìyá ẹni. Ẹ̀yin tíṣà, ní ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé kan, kí ó lọ bá ìyá àgbà rẹ̀, kí ó kọ ọbẹ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ kọ́ fọ́tò ẹni tí ó kọ́ yín ní iṣẹ́ sí ara ògiri búkà yín, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, kí ọmọ tí ń fọ àwo lẹ́yìn lè máa rí i.